Ọjọ́bọ̀ Àwọn Obìnrin Ẹ̀yìn Gáréèjì

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                        Ore,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, 1985.

Moyọ̀sọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ago Aláyé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Màmá tó ń dùn wọ́n nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Olúwa má jẹ́ kí kòkó jẹrà lórí igi. Àwa náà ń mí níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọṣẹ lásán ti di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún kí a tó rí rà.

Ọ̀rọ̀ Oyin ló jẹ́ kí n mú gègé lónìí, Oyin tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní Ajue, tó máa ń là wá lóye nínú ìṣirò. Ilé iṣẹ́ aláṣọ tó wà ní Ìkẹjà dá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ọkọ rẹ̀ sì ti kú ṣáájú. Ó kó ọmọ méjèèjì fún ìyá rẹ̀ ní Omifunfun, ó ní òun ríṣẹ́ sí ilé oúnjẹ ní Ore. Moyọ̀, kì í ṣe ilé oúnjẹ. Òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn gáréèjì ni. Iṣẹ́ aṣẹ́wó ló ń ṣe. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn wa, ó yíjú sí ògiri. Èmi nọ́ọ̀sì náà ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ṣì ń dùn mí.

Lóṣù Karùn-ún ni àwọn sójà wá kó àwọn obìnrin òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa gan-an ni wọ́n ti mú méjì nínú wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó yọjú sí wa mọ́. Kápúsù tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì ni àwọn obìnrin náà ń gbé mì. Nígbà tí Límátù, tí òun àti Oyin jọ ń gbé yàrá, fi sáré wá pè mí, ara Oyin gbóná bí ààrò, kò lè dìde. Ọkọ̀ agégẹdú kan ló gbé wa dé Oǹdó. Ó yè, ṣùgbọ́n àrùn tí kò rí ìtọ́jú ti ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì yọ ọ́.

Ó ṣì wà ní ọsibítù nígbà tí ìlú ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ wọn. Tíṣà kan, Akínwọlé, ní kí a bẹ ìjọba kí wọ́n fún àwọn obìnrin náà ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn, kí a máa yẹ ara wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òfin lè dáàbò bò wọ́n. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Adégbóyè, tí í ṣe alàgbà ní ìjọ Aládùúrà wa, ní kí a lé gbogbo wọn. Ẹ̀rù ń ba Bàbá nítorí àwọn ọmọbìnrin wọn tó ń dàgbà. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àfi bí mo ṣe rí i pé mo ti dìde. Mo sọ ohun tí ojú mi rí, láìdárúkọ Oyin.

Bàbá kọjú sí mi. "Rónkẹ́, ṣé o fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. N ò tíì mọ èyí tí mo lè fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹni tó ń ṣàìsàn lè dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láìfòyà. Òkú kì í ronú pìwà dà."

Ohùn ìlú kò ṣọ̀kan lórí ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Bàbá fúnra wọn ló lọ bẹ ọ̀gá sójà kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ má dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa mọ́. A wá ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin náà.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo jókòó títí, n ò rí ẹnì kankan. Lánàá, mo gbọ́ ohùn níta. Oyin ni, wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ó ti rù, ó fọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn. Límátù àti obìnrin mẹ́rin mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Olúrónkẹ́, mo mú àwọn èèyàn mi wá." Mo dì mọ́ ọn lójú gbogbo wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ fún Màmá. Bí o bá gba Omifunfun kọjá, jọ̀ọ́, yà wo àwọn ọmọ Oyin. Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè rẹ̀, sọ fún wọn pé ara rẹ̀ ń yá, àti pé kò dá wà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Olúrónkẹ́.