Ìwọ̀n Tó Bá Talóńbọ̀ Mu

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Báwo ni ilé, báwo ni ọkọ rẹ, báwo ni àwọn ọmọ-ọmọ mi? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ayọ̀, kó má bá yín lórí àìsàn, kó má sì bá yín nínú ìjà. Èmi náà wà, ara le, àfi orúnkún òsì tó máa ń pariwo bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí, n kò sì dá a lóhùn. Òjò ṣí páànù kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti gun àkàbà lọ kàn án, má bínú, mo mọ̀ pé o ní n kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́. Ìyá aránṣọ, aládùúgbò wa tí fóònù rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ rẹ wọlé, ní kí n kí ẹ.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ajá ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. O ní ayàwòrán kan wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tó máa ń fi ọ̀dà ya ẹran ọ̀sìn, pé o ti bá a sọ̀rọ̀ kó ya Talóńbọ̀ fún mi, kí n ṣáà yan ìwọ̀n tí mo bá fẹ́. Inú mi dùn gan-an ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, ajá yìí nìkan ló ń dìde tí mo bá dìde nínú ilé yìí, ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n yà á?

Ìyá aránṣọ wá ka ìwọ̀n tí ayàwòrán ní fún mi. Ó ní orí nìkan wà, orí dé àyà wà, odindi náà sì wà. Mo ní kó tún un kà. Ọmọ mi, alápatà ló ń ta orí lọ́tọ̀! Ajá tó máa ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sin ìyá rẹ lọ sọ́jà tó sì ń sìn ín bọ̀, ṣé òun lẹ fẹ́ gé sí méjì kí ẹ fi kọ́ ògiri? Mo ní odindi ni mo fẹ́, tòun tìrù, kí wọ́n má fi èékánná kan pamọ́. Ìyá aránṣọ ní odindi náà ní kékeré, ó sì ní ńlá, ló bá fi Talóńbọ̀ hàn mí nínú fóònù, ó fi ìka méjì fà á, ajá tóbi, ó kó ìka jọ, ajá súnkì, kò ju eku lọ. Mo sáré lọ wo Talóńbọ̀ lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi bóyá nǹkan ti ṣe é. Oorun ló ń sùn, ṣùgbọ́n mo sọ fún ìyá aránṣọ pé kó má dán irú ẹ̀ wò mọ́, ajá tó ti dàgbà kò yẹ lẹ́ni à ń nà síwá-sẹ́yìn.

Èmi tí mo ti ń ṣe káfíńtà kí a tó bí ẹ, fóònù kọ́ ni yóò kọ́ mi ní ìwọ̀n. Ṣé mo máa ń kan ilẹ̀kùn láìwọn ojú ilé ni? Mo tẹ́ pákó sílẹ̀, mo ní kí Talóńbọ̀ dùbúlẹ̀ lé e, ó kọ̀, mo fi egungun bẹ̀ ẹ́, ó gbà, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká láti imú títí dé ìrù. Ìrù ló yọ mí lẹ́nu, kò dúró sójú kan, torí náà mo fi àyè sílẹ̀ fún un lọ́tùn-ún lósì, kí ayàwòrán má baà ya ajá tí inú rẹ̀ kò dùn. Pákó tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí mo ti fi pamọ́ láti fi kan ibùsùn fún ara mi, òun ni mo là, mo fi kan fíréèmù, mo fi ráńdà fá a títí ó fi ń dán. Ó fẹ̀ ju fèrèsé yàrá lọ. Èrò mi ni pé màá fi ránṣẹ́, ayàwòrán á sì ya ajá kún un.

Ìyá aránṣọ fi fóònù ya fíréèmù náà, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ, ìgbà náà ni èsì rẹ dé. O ní Bàbá, ó ti tóbi jù, ògiri yàrá tí a tún ṣe fún yín lọ́dọ̀ wa kò lè gbà á. Mo ní yàrá wo? Ìyá aránṣọ ń wo ilẹ̀. Mo ní kó ka ìyókù. Ó wá kà á pé ẹ ti ṣètò kí n kó wá bá yín gbé, pé onílé yín kò gba ẹranko láàyè, pé ọkùnrin tó ń ṣọ́ oko nísàlẹ̀ òkè ni yóò gba Talóńbọ̀, àti pé torí ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ya àwòrán, kó lè dà bíi pé mo mú un dání.

Ọmọ mi, n kò ní parọ́ fún ẹ, inú bí mi débi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò ara mi. Ẹ jókòó pèrò lórí mi bí ẹni pé àga àtijọ́ ni mí tí ẹ ń wá igun tí ẹ máa gbé e sí. Ṣé àwòrán á mọ ìró ẹsẹ̀ mi? Ṣé àwòrán á máa gbó mọ́ gbogbo ẹni tó bá yà sójú ọ̀nà wa, èyí tí ìyá rẹ tìtorí ẹ̀ sọ ajá lórúkọ tó ń jẹ́? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ẹ ṣe é, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkàbà ń bà ẹ́ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n n kò lọ. Sọ fún ọkọ rẹ pé Bàbá ní òun kò lọ, kí o sọ fún onílé kí òun náà gbọ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ oko tilẹ̀ ti wá lánàá tòun ti okùn lọ́wọ́. Mo ní kó jókòó, mo fún un lómi mu, mo sì gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni mo fi so àkàbà mi mọ́ òpó, kó má baà yẹ̀, ìwọ náà fọkàn balẹ̀.

Fíréèmù kò ṣòfò o. Mo kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Talóńbọ̀ máa ń sùn sí. Láàárọ̀ yìí ó wọlé, ó gbóòórùn rẹ̀ yí po, ó wá dùbúlẹ̀ tì í, ó bọ́ sí i régé, ìrù ń lu pákó lọ́tùn-ún lósì níbi tí mo fi àyè sí fún un gẹ́lẹ́. Kí ayàwòrán yín wá wò ó, kó sọ bóyá ó tóbi jù.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìṣó àti oògùn orúnkún, kí o sì ro ti egungun mọ́ ọn. Má fi gba ẹ̀rọ bánkì, ó ní òun kò dá mi mọ̀, mo padà sílé lọ wẹ̀, mo fá irùngbọ̀n, mo tún lọ, ó ṣì ní òun kò dá mi mọ̀. Tí ayàwòrán bá ti gbowó, kó ya èmi àti ajá pọ̀, kó yà wá ní kékeré, kó lè gba ara ògiri rẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, á ṣọ́ ọkọ àtọmọ. Á fún ẹ ní ilé tìrẹ tí onílé kankan kò ní pàṣẹ fún ẹ nínú rẹ̀, ilé tí ògiri rẹ̀ gba fíréèmù, tí ilẹ̀ rẹ̀ gba ajá. Ọjọ́ náà ni kí o ránṣẹ́ pè wá, àwa méjèèjì.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà, tí kò lọ síbì kankan.