Ògiri Tí Télọ̀ Dá Lu

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara bàbá wa ti ń mókun. Orúnkún mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ọ̀rọ̀ ilé rẹ tí mò ń bá ọ mójú tó ló mú mi kọ̀wé. Télọ̀ iyàrá iwájú ní òun fẹ́ dá ògiri lu, kí òun fi ṣe ojú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní rárá, ògiri yẹn ló gbé òrùlé dúró. Ó pè ọ́ lórí fóònù, o ní kó máa ṣe é. Ní báyìí, ògiri ti sán dé àjà, bírìkìlà sì ti ní kí tíṣà tó wà níyàrá kejì tètè kó jáde.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Èmi àtìwọ la lanu fún wọn. Ó ti rẹ̀ mí. Bí ayálégbé bá tún pè ọ́, sọ pé, "Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi." Bí o ò bá lè sọ ọ́, wá ẹni tí á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo bá télọ̀ wí lánàá, ó ní, "Mà, kí tiẹ̀ ni tiyín nínú ilé yìí?" Jọ̀ọ́, bá mi fi èsì ìbéèrè yẹn ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.