Dá Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Rẹ Padà

Sí àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí o fi àìsàn kà. Èmi náà wà láàyè. Inú ló ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọjọ́ tí o ti lọ, mo gbìyànjú kí n gbé e mì, kò lọ.

Bàbá rẹ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Káfíńtà tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun nílé, ó wá ń gbé àga síwájú ilé láàárọ̀, á máa wo píkọ́ọ̀pù rẹ̀ títí oòrùn á fi lé e wọlé. Àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti kàn tán wà nínú ṣọ́ọ̀bù, eruku ti bò wọ́n. Mo ní kó háyà ọkọ̀ tí yóò kó wọn, ó ní òun ò tíì kú tí ẹlòmíì á fi máa bá òun kó ẹrù òun.

Má ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, tí ọkọ̀ kú mọ́ ìwọ àti bàbá rẹ lọ́wọ́ ní oríta, tí àwọn èèyàn ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn yín, o ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé kí o tó bẹ̀rẹ̀. Iwájú ilé lo dúró sí, níṣojú pẹ́ńtà tó ń gbé òdìkejì àti ìyàwó rẹ̀, tí o ní, "Bàbá, ẹ ti dàgbà. Ẹsẹ̀ yín ò mọ iná yàtọ̀ sí bíréèkì mọ́." O yọ kọ́kọ́rọ́, o jù ú sápò, ó sì bá ọ lọ. Ẹni tó kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà lo ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ṣé torí pé ò ń wa tírélà báyìí ni? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọkùnrin náà ti wá àìsàn ọkọ̀ yẹn títí. Ojú mi ló ṣe. Ó tú páìpù epo lẹ́nu kábúrẹ́tọ̀, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, ó ní kí n bá òun yí kọ́kọ́rọ́. Epo ń tú jáde bó ṣe yẹ, ó ní kò sí ohun tó ṣe pọ́ńpù tó ń fa epo. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo. Ó fi ẹnu fẹ́ àwọn páìpù títí tó fi jẹ́ pé bó bá ń mu tíì, bẹntiróòlù ló ń tọ́ wò. Nínú ọgbà, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Bó bá jáde, tó rìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á kú. Bó bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Ìwọ tí o mọ ọkọ̀, ṣé o bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo? O ò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò.

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ mi. O ò mọ̀. Inú agolo bọ́tìnnì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì tí mo fi ń ránṣọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo gbé e fún bàbá rẹ. Ó ní òun ò ní fi kọ́kọ́rọ́ inú agolo wa ọkọ̀ òun bí olè. Ni mo bá pe pẹ́ńtà pé kó wá wà á. Mo fipá mú bàbá rẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, èmi há sáàárín wọn. A ò tíì gun òkè ilé ìwé tán tí ọkọ̀ fi wúkọ́, tó kú. Pẹ́ńtà kì í ṣe arúgbó. Mo bi í pé ṣé ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ò mọ iná yàtọ̀ sí bíréèkì ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ sọ̀kalẹ̀. Kò lọ síbi ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ̀yìn ló gbà lọ, ó yí ìdérí táńkì, mo sì gbọ́ bí táńkì ṣe fa èémí, fùú, bí ẹni tí wọ́n di nímú tí wọ́n wá tú sílẹ̀. Ìdérí tuntun tó ń dán, tí ìwọ fúnra rẹ rà fún un kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. O ní ti àtijọ́ ti dógùn-ún, o ní ó tún nihò. Ihò yẹn ni táńkì fi ń mí. Bí a bá lu agolo mílíìkì níhò kan ṣoṣo, ṣé ó máa ń dà? Láti kékeré lo ti ń rí mi tí mò ń lù ú ní méjì. Bí epo bá ń jáde tí atẹ́gùn ò rọ́nà wọlé, epo náà á dúró. Wọ́n kàn gbé ìdérí náà lé e láì yí i le, a gun òkè yẹn, a sọ̀kalẹ̀, a tún gùn ún, ọkọ̀ ò wúkọ́ mọ́.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé kò ya bàbá rẹ lẹ́nu. Nígbà tí a délé, mo dojú ìbéèrè kọ ọ́. Ó wá ní òun ti ń fura kí o tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ, torí gbogbo ìgbà tí òun bá ṣí táńkì wò bóyá epo ti tán ni ọkọ̀ máa ń jí. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ọmọ ra nǹkan fún mi, inú ẹ̀ ń dùn bó ṣe ń dè é mọ́ ọkọ̀. Ṣé kí n wá sọ fún un pé ẹ̀bùn ẹ̀ ló ń pa ọkọ̀ mi?" O rí i báyìí. Ó jẹ́ kí o dójú ti òun kí ojú má bàa ti ìwọ. Mo bínú sí òun náà, mi ò sì dáná lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó ti wá ìdérí àtijọ́ jáde nínú agolo ìṣó rẹ̀, ó ti dè é padà. Èyí tí o rà, ó fi aṣọ nù ún, ó tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ọ, mo sì ń kọ ọ́. Ara ọkọ̀ ti yá, ó ku ẹni tí yóò wà á. Bàbá rẹ ní òun ò ní jókòó sídìí rẹ̀ àfi bí ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ bá gbé e fún òun. Nítorí náà, máa bọ̀. Má fi rán ẹnikẹ́ni. Ibi tí o ti gbà á ni kí o ti fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Pẹ́ńtà àti ìyàwó rẹ̀ á wà níbẹ̀. Èmi ni n óò pè wọ́n jáde.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Àwọn ọmọ rẹ ò ní já ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ gbà níṣojú ayé bí ìwọ ṣe já ti bàbá rẹ gbà.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ń bínú sí ọ, tí ń retí rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Àná ni mo bá bàbá rẹ níbi tó ti ń fọ píkọ́ọ̀pù náà. Ó nu gíláàsì, ó nu àga awakọ̀. Mo ní ta ló ń retí. Ó ní òun ò retí ẹnì kankan. Má ra ohunkóhun bọ̀ o. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kí o mú dání.