Ìlà Tó Bẹ̀rẹ̀ Lókè Orí Òpó

                                        Abúlé Skyurdo,
                                        Ladakh.
                                        20 Oṣù Kẹrin, 2023.

Spalzes, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Chandigarh? Ooru ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Bàbá wa ń kí ọ. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́ díẹ̀.

Oko òkè tí màámi fi sílẹ̀ fún ọ ló gba gbogbo ọkàn mi. O mọ̀ pé omi tó ń yọ́ lára òkìtì yìnyín wa nìkan la ó máa fi bomi rin ín títí omi odò yóò fi dé. Mo máa ń jókòó wo òkìtì náà, funfun, jẹ́ẹ́, títí n óò fi gbàgbé pé àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ ń dúró dè mí.

Meme Tundup, bàbá tó ń bójú tó omi abúlé, ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọn wọn gíga rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ ń fi àmì rẹ̀ sórí gíráàfù: ọ̀sẹ̀ ní ìbú, ìgbọ̀nwọ́ ní òró. Àwọn àmì náà tò tààrà. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ìlà á wálẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo fa ìlà náà padà sẹ́yìn dé ọ̀sẹ̀ òdo, ó kan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gíga jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dín iye ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún gan-an sì ni odò máa ń dé. Inú Bàbá dùn, wọ́n gbé irúgbìn ọkà bálì síta.

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rìnlá ni òpó tí omi ń tú jáde lórí rẹ̀ nígbà òtútù, tó ń dì di òkìtì náà. Báwo ni yìnyín ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lókè orí òpó? Mo lọ bá Meme.

"Ìwọ Kunzes yìí, ṣé o máa jẹ́ kí àlejò rí ìdí ife tíì ẹ ni? Ìgbọ̀nwọ́ kan ni mò ń bù lé iye tí mo bá wọ̀n. Ṣé ojú ẹ̀ la ó ti máa sọ pé ó ń tán?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Iye kan náà ni wọ́n ń bù lé e, nítorí náà bí ìlà náà ṣe ń wálẹ̀ kò yí padà. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ga jù. Mẹ́rìnlá dín iye ọ̀sẹ̀ ni òótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni oko rẹ máa wà láìsí omi, ọkà á sì kú.

A ò lè yí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà padà mọ́. Bó ṣe ń yára wálẹ̀ nìkan la lè dín kù. Gbogbo ilé kó ẹní àti aṣọ irun yáàkì jáde, a fi bo yìnyín kúrò lójú oòrùn. Meme bọ́ ẹ̀wù wọn pàápàá. Lánàá wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì sọ iye tó jẹ́ gan-an, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Àmì tuntun náà dúró díẹ̀ sókè ìlà òótọ́ náà. A ti gbin oko rẹ.

Bá mi kí Nilza tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Má sì bínú sí mi: bùláńkẹ́ẹ̀tì tí màámi hun de ìgbéyàwó rẹ, èmi ni mo yọ ọ́ nínú àpótí. Ibi tí oòrùn ti ń mú jù ni mo tẹ́ ẹ sí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń retí rẹ nílé,
Kunzes