Màmá Gudveig Haugseth (1939–2023): Ẹni Tó Fi Ìda Pa Síkì Oddny

A bí Màmá wa, Gudveig Haugseth, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1939, nínú ilé onígi tó wà lókè odò ní Kvernlia. Embret Kvernlien, agégi inú igbó, ni bàbá wọn. Ingjerd, ọmọ oko Nerhaugen ní òdìkejì odò, ni ìyá wọn. Màmá ni ọmọ kẹfà nínú méje. Ìdílé náà kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ti bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó tó láti fojú tín-ín-rín wọn.

Ní ọdún 1946 Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Kìlómítà mẹ́fà ni láti ilé, síkì, pátákó gígùn tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ láti oṣù kọkànlá títí di Àjíǹde. Lójú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti bá Oddny Brenna àti Aslaug Moen pàdé, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí. Ìyá Oddny, bí àwa ọmọ ṣe ń pe Oddny fúnra rẹ̀, ló máa ń wà níwájú. Ìyá Aslaug ló máa ń ráhùn. Màmá ló máa ń yẹ abẹ́ síkì gbogbo wọn wò, nítorí bàbá wọn ti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọwọ́ bu yìnyín, ká tó mọ irú ìda tó yẹ kí a fi pa síkì lọ́jọ́ náà. Tí ìda bá ṣe wẹ́kú, síkì á fò. Tí kò bá ṣe wẹ́kú, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká rọra rìn níbi ọdún 1957, nítorí Màmá fúnra wọn ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta ọdún náà, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yìí ṣojú Kvernlia nínú eré ìje síkì ẹlẹ́ni mẹ́ta ti gbogbo àfonífojì. Ẹni àkọ́kọ́ á sáré kìlómítà márùn-ún, á fọwọ́ kan ẹnì kejì léjìká, ìyẹn á gbéra. Àwọn aṣàyàn, àwọn tó ń ṣa eléré síkì, wá láti olú-ìlú láti mú àwọn ọmọbìnrin lọ sí ibùdó ìdánrawò, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé Ìyá Oddny gan-an ni wọ́n wá wò. Màmá ló wà nídìí ìda fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ọ̀nà ti le gbagidi ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, nítorí náà wọ́n fi ìda ṣíṣàn, èyí tó ń fà bí oyin, pa gbogbo síkì wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yìnyín tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ó yẹ kí wọ́n fá ìda yẹn kúrò. Ìyá Aslaug sọ bẹ́ẹ̀. Màmá ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n, orí wọn sì le.

Màmá ló kọ́kọ́ sáré, nígbà tí yìnyín tuntun kò tíì ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sì gba iwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi kan Ìyá Oddny, yìnyín ti ń bọ́ wìtìwìtì. Kí wọ́n tó dé kìlómítà kejì, ó ti lẹ̀ mọ́ ìda ṣíṣàn náà, ó sì tó odindi búrẹ́dì lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò lè yọ̀ mọ́, ńṣe ni wọ́n ń fẹsẹ̀ gbé e. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ló kọjá wọn.

Lẹ́yìn eré náà, ọ̀kan nínú àwọn aṣàyàn dojú síkì Ìyá Oddny délẹ̀, ó béèrè ẹni tó pa ìda sí i. Màmá ti la ẹnu tán. Ìyá Oddny ló ṣáájú wọn dáhùn pé, “Èmi ni. Mo fá ti Gudveig kúrò, mo fi tèmi sí i.” Ọkùnrin náà mi orí, orúkọ Màmá, tí wọ́n gba iwájú, ló sì kọ sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn ahéré ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Màmá bi Ìyá Oddny léèrè ìdí tí wọ́n fi purọ́.

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́,” ni Ìyá Oddny wí. “Orúkọ ẹ ti wọlé. Tó o bá sọ̀rọ̀ báyìí, àwa méjèèjì la máa jókòó sílé. Lọ, kó o sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.”

Màmá lọ. Ìgbà òtútù méjì ni wọ́n lò ní ibùdó, wọ́n sì ṣe ipò kẹrin nínú eré ìje gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1959. Nílé, àwọn ènìyàn sọ Ìyá Oddny ní Oddny Ẹlẹ́sẹ̀ Búrẹ́dì. Wọ́n pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, àwọn náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí aṣàyàn kankan tó tún wá wò wọ́n mọ́. Ìyá Aslaug, tó mọ òótọ́, ti búra fún Ìyá Oddny, wọ́n sì pa á mọ́ títí wọ́n fi kú ní 1998.

Màmá fẹ́ Halvard Haugseth, awakọ̀ tó ń kó wàrà, ní 1962. Màmá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wàràkàṣì fún ọdún mọ́kàndínlógójì, wọ́n sì kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ títí ohùn fi ṣá. Fún ọdún mọ́kànlélógójì, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní síkì. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ dá pa ìda sí síkì ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín dúró tì í. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó jókòó síbí lónìí ni wọ́n ti bá wí lórí rẹ̀, ẹ ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì máa ń gun òkè lọ pẹ̀lú kọfí àti ọsàn. Ìgbàkígbà tí Màmá bá ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ọdún 1957 sílẹ̀, Ìyá Oddny á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ti pẹ́. Màmá á sì fi í sílẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ kò fi Màmá sílẹ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, lórí ibùsùn wọn ní ilé àwọn arúgbó, Màmá pe Ragnfrid, àkọ́bí wọn. Wọ́n ní, “Ẹ kọ ọ́ sínú ìtàn mi. Ìsìnkú nìkan ni gbogbo àfonífojì máa ń pé sí. Oddny ò sì ní lè pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ yẹn.” Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá.

A kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ. A gbé ìwé yìí lọ bá Ìyá Oddny nínú ilé ìdáná wọn. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Èmi ni mo ń pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń retí pé kó má gbọ́ tèmi, kó sọ ọ́.” Wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n ní ká tẹ̀ ẹ́.

Màmá fi àwọn ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Ragnfrid, Embret àti Torhild, ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì. Bàbá Halvard ti ṣáájú wọn lọ ní 2011. Màmá tún fi Oddny Brenna sílẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn, tí kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ìyá Oddny ti béèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn náà di etí pósí mú lọ sí ibojì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra rìn, kí ẹsẹ̀ wọn lè bá tiyín mu.

Màmá wa, ọmọ Embret, ẹ ti sọ ọ́. Gbogbo àfonífojì ti gbọ́. Ẹ sùn, kí ilẹ̀ Kvernlia rọ̀ yín lọ́rùn.