Àwo Osùn Tí Màmá Ahoyéyé Fi Pamọ́

                                        Ìdí Iṣẹ́ Elvire,
                                        Ẹ̀gbẹ́ ọjà, Pobè.
                                        21 oṣù kọkànlá, 2024.

Chantal, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó ń da Màmá rẹ láàmú nígbà tí mo wá sí Sakété, ṣé ó ti rọlẹ̀? Àwọn tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé yín, ṣé èéfín wọn ò tíì lé yín kúrò nílé? Ní tiwa níbí, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Tómilọ́lá ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ó sì ti gbọ́ Faransé débi pé tèmi gan-an ló ń tún ṣe.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí tẹlifóònù, pé kí n bá ọ yan igi tí o máa fi kan àpótí ohun ọ̀ṣọ́ fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ. O ní o fẹ́ igi tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ìyàwó má lọ rò pé ayédèrú lo gbé fún òun. Jókòó dáadáa, kí n ròyìn ohun tí igi osùn fojú mi rí.

Ìwọ náà mọ̀ pé ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ahoyéyé, kò fẹ́ràn kí obìnrin máa gbẹ́ igi. Wọn ò bú mi rí o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi mí han èèyàn, wọ́n á ní, "Ìyàwó Raphaël nìyí, ó ń ṣe nǹkan kan ní Pobè." Nǹkan kan! Bí ẹni pé ewúrẹ́ ni mò ń jí. Nígbà ọdún Àjíǹde, mo ní kí n wá ojúrere wọn. Mo rí pákó osùn kan tó pupa bí epo tuntun, mo là á sí méjì, mo gbẹ́ àwo pẹrẹsẹ méjì nínú rẹ̀, irú èyí tí a fi ń gbé èso fún àlejò. Mo gbé ọ̀kan fún wọn, mo fi ìkejì sórí tábìlì wa. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní ó dára. Ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi náà ò dákẹ́ síbẹ̀. Mo ní, "Màámi, bí oòrùn bá ń kàn án, pupa yìí á lọ o, á di dúdú."

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti béèrè àwo, wọ́n á ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Parfait, onísẹ́míjàn àdúgbò wa, fi alùpùpù rẹ̀ gbé èmi àti ọmọ, ọkọ mi gun tirẹ̀, a lọ kí wọn ní Ahoyéyé. A bá àwọn ìyá ìjọ wọn níbẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Màámi wọ yàrá, wọ́n fi àwo mi gbé ọsàn jáde. "Ẹ wò ó," ni wọ́n wí, "àwo tí ìyàwó Raphaël fún mi. Kò sí àárọ̀ tí n kì í fi í jẹun."

Chantal, àwo náà pupa! Ó pupa bí ọjọ́ tí mo gbẹ́ ẹ. Èkejì rẹ̀ tó wà nílé wa sì ti dúdú láti ìgbà òjò. Ọkọ mi, tí kò mọ igi kankan àfi igi ìdáná, ń pariwo pé, "Ó mà ṣì dà bí tuntun o!" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwo yẹn ò rí ìmọ́lẹ̀ rí. Ọsàn tó wà lẹ́nu mi korò. Mo ní lọ́kàn mi pé wọ́n ti kà á sí ohun ìtìjú, wọ́n jù ú sí kọ̀rọ̀, ìró alùpùpù wa ló jẹ́ kí wọ́n sáré gbé e jáde.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo tẹ̀lé Màámi wọ ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Igi osùn kì í parọ́. Ẹ ò lo àwo yìí rí."

Wọ́n wo àwo, wọ́n wò mí, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìborùn bojú. "Háà! Igi lásán-làsàn ló tú àṣírí mi!" Wọ́n fà mí dìde. "Ṣebí ìwọ lo ní yóò dúdú? Ẹ̀rù ló bà mí. Wo ilé yìí: ọ̀dà ara ògiri ti ṣí, aṣọ mi ti ṣá, orí mi ti funfun. Ohun kan ṣoṣo tó pupa wọlé mi láti ìgbà tí baálé mi ti kú, ìwọ tún ní pupa rẹ̀ á lọ. Mo bá fi gèlè wé e, mo tì í sínú àpótí. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí i wò."

Omi lé sí mi lójú. Mo yọ tẹlifóònù, mo wá fọ́tò kan tí Tómilọ́lá ti ń jẹun, tí àwo tiwa wà níwájú rẹ̀. Àwo náà ti dà bí kóró agbálùmọ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lá tán, ó ń dán.

Màámi gba tẹlifóònù, wọ́n sún un mọ́jú, ni ojú wọn bá le. "Ohun tó máa ń dà nìyí? O gbé èyí tó ti dàgbà sílé ara rẹ, o wá gbé ọmọ ọwọ́ fún mi?"

"Màámi, ọjọ́ kan náà ni mo gbẹ́ wọn!"

"N ò gbọ́. A máa ṣe pàṣípààrọ̀ ni."

Nítorí náà, osùn ni kí o fi kan àpótí àbúrò rẹ. Bí o bá fẹ́ kí ìdérí rẹ̀ yàtọ̀, fi ìrókò ṣe é. Ìrókò á bẹ̀rẹ̀ bí gàrí tí a fi epo díẹ̀ yan, á máa pọ́n lọ títí á fi dà bí oyin. Ṣáà rí i pé pákó náà gbẹ dáadáa, kí o sì fi fọ́tò èyí tó ti dàgbà han ìyàwó kí o tó gbé tuntun lé e lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni mo fi sẹ́yìn. Lánàá ni Parfait gbé àwo wa lọ, tó sì gbé tiwọn bọ̀. Ó ní Màámi kò jẹ́ kí òun tíì sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ òun, tí wọ́n ń gbé e kiri ojúde, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Ìyàwó mi ló gbẹ́ ẹ. Agbẹ́gi ni, ní Pobè." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní èrò ń dúró de òun.

Bá mi kí Hospice ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ fún Màmá. Fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì pupa fún osùn,

Elvire.