Bàbá, Àwọn Ayùn Yín Ṣì Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bàbá, ọjọ́ kejì tí a sin yín ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus pè láti Mọ́níyà.

Fóònù yín ló pè. Èmi ni mo gbé e, torí pé Màámi ṣì ń sunkún nínú yàrá, Luqman sì ń gbé àga fún àwọn àlejò. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ jẹ́ kí n la ẹnu. Ó ní, "Bàbá Luqman, ọ̀bẹ tí ẹ fi ayùn gbígbó ṣe fún mi yẹn, àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní ilé gàárì mi ti ń torí ẹ̀ jà. Kálukú ló fẹ́ tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe sí i."

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ, mi ò sì tíì dárí ìpè yẹn jì yín. Gbogbo ìgbà tí mo fi mọ̀ yín láyé lẹ fi ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ pé ayùn tó ti kú ṣì wúlò. Ẹni náà wá dé. Ẹ̀yin ti lọ lánàá. Kí ló dé tí ẹ ò lè dúró de ọjọ́ kan péré?

Gbogbo ìsọ̀ pákó Bódìjà ló mọ̀ yín sí káfíńtà tó ń yà sí ibi ìlagi lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń lọ kí àna. Ayùn tó bá ti já, èyí tí eyín rẹ̀ ti ká, èyí tó ti tẹ̀ débi pé kò lè la pákó mọ́, ẹ máa ní, "Ẹ má dà á nù, ẹ fún mi." Wọ́n á fún yín, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ká a, ẹ máa gbé e lé èjìká, ẹ máa gbé e wá sílé wa ní Àgbowó bí ẹni tó ra àgbò Iléyá.

Ayùn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ayùn wà lórí ilé adìyẹ. Ayùn wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, òun ló fa ìró Màámi ya lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Màámi ní, "Bàbá Luqman, ṣé èmi lẹ fẹ́ níyàwó ni, àbí irin?" Ẹ ní, "Ẹ̀yin méjèèjì." Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin nìkan.

Ẹ fi wọ́n ṣe ọ̀bẹ. Ẹ fi wọ́n ṣe ohun tí a fi ń ha pákó kó tó dán. Ẹ so ọ̀kan tó rí rìbìtì mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò ní ilé kéú, òun ni Alùfáà ń lù bí agogo títí di òní. Nígbà tí Adéṣọlá ọ̀rẹ́ mi ṣègbéyàwó, tí àwọn èèyàn ń gbé ìkòkò àti fáànù wá, ẹ̀yin fi ìwé ìròyìn di irin tí wọ́n fi ń rin àgbọn, ẹ ní kí n gbé e fún ìyàwó. Adéṣọlá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ràfátù, ṣé ó yẹ kí n bẹ̀rù ni?" Mo parọ́ fún un pé ẹ̀bùn gidi ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ojú yín. Eyín ayùn kan já lẹ́nu ẹ̀rọ olókùúta tí ẹ fi ń pọ́n irin, ó fò, ó wọ ojú òsì yín, ojú náà ò sì ríran dáadáa mọ́. Ẹ ò torí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, ẹ pe Màámi, ẹ pe Luqman, ẹ pe Bọ̀ọ̀dá Mùsílíù àbúrò yín, ẹ ní, "Ẹnikẹ́ni lè ṣe iṣẹ́ mi. Ràfátù ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo gbé àwo ẹ̀kọ yín dání. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rò.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà lẹ́yìn yín. Luqman ti parí ilé tó ń kọ́ ní Àpáta, ó ti gbé ìyàwó síbẹ̀, wọ́n sì ti bí ọmọkùnrin. Rasheed ló ń jẹ́, orúkọ yín. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ tán, ó ti ń ṣa ìṣó kiri ilé, ó ń kó o sínú bàtà ìyá rẹ̀. Màámi ti padà sídìí ọjà wọn. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó: wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó fi gbogbo ayé bá yín jà lórí ayùn náà, àwọn náà ló tún ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Theophilus tún pè lọ́dún yìí, Bọ̀ọ̀dá Mùsílíù ló gba iṣẹ́ Mọ́níyà. Wọ́n ní kí ló le nínú ọ̀bẹ. Wọ́n gbé ayùn sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọn ò jẹ́ kó rí omi. Irin náà gbóná, ẹnu rẹ̀ bá yí àwọ̀, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Inú wọn dùn. Wọ́n na ọ̀bẹ náà sókè, wọ́n ní, "Ẹ wo ẹwà. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe irú èyí rí. Àwọn obìnrin fẹ́ràn nǹkan aláwọ̀." Bí wọ́n ṣe mọ̀ọ́mọ̀ sọ ẹnu gbogbo ọ̀bẹ tó kù di aláwọ̀ aró nìyẹn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, Bàbá máa ń tì í bọ omi kó tó gbóná o."

Wọ́n ní, "Ìwé ìtàn lo mọ̀ kà. Jókòó jẹ́ẹ́."

Mo jókòó jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Theophilus fi gbé àpò ọ̀bẹ náà wá fúnra rẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fi gé etí àga lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu ọ̀bẹ náà sì ká kò. Ó ní, "Àwọn obìnrin mi ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀gẹ́ ló ń bẹ ọ̀bẹ."

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ṣùgbọ́n ó rẹwà, sà."

"Ṣé ara ògiri ni kí n gbé e kọ́ ni?"

Èmi mọ ohun tó ba ọ̀bẹ náà jẹ́. Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó sórí òkìtì pákó yín pẹ̀lú ìwé tí mo yá, ibi tí ìtàn ti ń dùn gan-an lẹ ti máa ń pè mí: "Ràfátù, bu omi wá." Ẹ máa fi ayùn kan òkúta ẹ̀rọ, ẹ máa yọ ọ́, ẹ máa tì í bọ omi. Ẹ tún máa fi kàn án, ẹ tún máa tì í bọ omi. Èmi á fi ìka sáàárín ìwé, màá máa kùn. Ẹ máa ní, "Ooru tí ọwọ́ rẹ ò lè gbà, irin náà ò lè gbà á. Tó bá ti gbà á jù, ó di rírọ̀ nìyẹn." Ta ló ní kí ẹ sọ fún mi? Ẹni tí ẹ ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, òun nìkan lẹ kọ́.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá lọ kírun Jímọ̀, mo ṣe ọ̀kan. Mo wọ awò ojú ńlá tí mo rà ní Dùgbẹ̀, irú èyí tó bo ojú pátá. Mo gé àjákù ìrókò fi ṣe èèkù. Mo fi ọ̀bẹ náà rán awakọ̀ sí Mọ́níyà, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọ̀gbẹ́ni Theophilus pè. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Ràfátù."

Ó wá ní, "Ìwọ ni kó o ṣe àwọn tó kù."

Ilé wá dàrú. Bọ̀ọ̀dá ní òkú ti pàṣẹ, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Luqman ní òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé lọ́la, lẹ́yìn àdúrà ìrántí ọdún kẹta yín, àwọn tó ń ra irin àlòkù máa wá kó gbogbo ayùn, ẹlòmíì máa gba ìsọ̀ yín ní Bódìjà, èmi á sì máa lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Shukurat ní Ring Road níbi tí wọ́n ti ń ta kọ́tìnì. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ tutù. Àǹtí Shukurat ò sì le. Mi ò rí nǹkan kan sọ sí kọ́tìnì.

Lálẹ́ àná, Màámi pè mí sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yín. Wọ́n ní, "Kì í ṣe èmi ni mo ní kó o má ṣe é. Ẹni tó sọ ọ́ ni kó o lọ bá sọ ọ́."

Òun ni mo wá bá yín sọ.

À ń wá yín, Bàbá. Tí ẹ̀rọ ìlagi bá kan kókó igi tí ohùn rẹ̀ yí padà, mo ṣì ń yíjú wo ọ̀nà, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀. Ìfẹ́ yín ò dín lọ́kàn wa. Inú tó ń bí mi sí yín náà ò dín, ẹ jẹ́ kí n má tàn yín.

Mo mọ̀ pé ojú mi lẹ rò kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ sọ. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ sí Ring Road. Àwọn ayùn tó ti dípẹtà kọjá àtúnṣe, mo ti ní kí àwọn onírin kó wọn lọ lọ́la, ẹ má bínú. Àwọn tó ṣì ní irin lára, èmi ni mo ni wọ́n. Tí àdúrà bá parí lọ́la, tí àwọn onírin sì ti lọ, mo máa wà ní ìsọ̀ yín ní Bódìjà, mo máa pọn omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ọmọ yín ni mí, mo fẹ́ràn yín, mi ò sì ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lórí èyí.

Ràfátù